ỌWỌ́ MÉJÌ TÓ DI ARA WỌN MÚ: ÌTÀN OWÓ IDẸ ÀWỌN ARÁ RÓÒMÙ

Ohun tí ẹ mọ akọ̀wé mọ́ nínú ìwé ọdún wa ni kíka iye ọmọ ẹgbẹ́, iye owó tí a yá jáde àti iye èrè tí a pín. Ìyẹn wà níwájú, èmi àti Ìyá Akápò ti yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí mo tọrọ àyè díẹ̀ sí i lọ́wọ́ ìgbìmọ̀, torí pé ìbéèrè kan wà nílẹ̀ tí wọ́n bi mí nípàdé, tí mi ò rí dáhùn.

Ọmọ ẹgbẹ́ wa tuntun kan, ọmọdé ni, ike ló ń tà, ló gba páàsìbúùkù lọ́wọ́ mi, tó wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí, tó wá ní, "Màmá, kí ló dé tó jẹ́ ọwọ́ méjì tó di ara wọn mú ni wọ́n yà síbí? Ta ló kọ́kọ́ yà á?" Mo ní ẹni tó bá wa tẹ̀wé ni. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Àmì yẹn ti wà lára ìwé wa kí n tó di akọ̀wé, kò sì sẹ́ni tó rántí ẹni tó mú un wá.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ọmọ mi obìnrin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ní òun mọ ibi tí òun ti rí irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó wálé ní Kérésìmesì, ó fi owó idẹ kan lé mi lọ́wọ́, nínú ọ̀rá. Ó ní owó àwọn ará Róòmù àtijọ́ ni, pé wọ́n ń tà á ní ṣọ́ọ̀bù lọ́hùn-ún, àti pé irú èyí tí ojú rẹ̀ ti rẹ́ báyìí kò wọ́n. Aládùúgbò mi tó ń ta góòlù bá mi wọ̀n ọ́n: gíráàmù mẹ́wàá. Lójú kan, orí bàbá arúgbó kan ló wà níbẹ̀, ọrùn rẹ̀ gùn, imú rẹ̀ tẹ̀ bíi ti àwòdì. Nerva lorúkọ rẹ̀, ọba Róòmù láti ọdún 96 sí 98 lẹ́yìn ìbí Jésù. Mo yí i sí ojú kejì. Ọwọ́ méjì tó di ara wọn mú ni! Bíi ti páàsìbúùkù wa gan-an. Owó yẹn ti ju ẹgbẹ̀rún ọdún kan àti ẹgbẹ̀rin lọ, ó sì wà ní àtẹ́lẹwọ́ mi ní ọjà.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń kàwé nípa rẹ̀. Nílé ẹ̀kọ́ girama, ìtàn Róòmù tí wọ́n kọ́ wa kò ju ogun àti orúkọ ọba lọ. Kò sẹ́ni tó sọ ti owó tí wọ́n ń ná lọ́jà fún wa.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, àfọ́kù idẹ lásán ni wọ́n ń ná, wọ́n á gbé e sórí òṣùwọ̀n. Nígbà tí wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í dà á ní roboto, ní bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún ṣáájú ìbí Jésù, ẹyọ kan tí wọ́n ń pè ní as wúwo tó nǹkan bí gíráàmù 324. Ojú kan ní àwòrán Janus, òrìṣà wọn tó ní ojú níwájú tó ní lẹ́yìn. Nígbà tó yá, ojú kejì ní orí ọkọ̀ ojú omi. Ẹ fojú inú wò ó: bí ìyàwó ilé bá fẹ́ ná ogún ẹyọ, ó ju kílò mẹ́fà lọ. Aláàárù ló máa bá a gbé owó lọ sọ́jà, tí yóò tún bá a gbé ẹrù bọ̀. Ogun ló mú un kéré. Nígbà tí wọ́n ń bá Hannibal jà láti ọdún 218 sí 201 ṣáájú ìbí Jésù, ìjọba ń gé ìwọ̀n owó náà kù, wọ́n ń gé e kù, orúkọ rẹ̀ kò yí padà. (Irú ìyẹn kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá ti ra búrẹ́dì ní Nàìjíríà rí.) Láàárín ogun náà ni wọ́n mú owó fàdákà jáde, denarius, tó jẹ́ as mẹ́wàá nígbà yẹn, tó wá di as mẹ́rìndínlógún lẹ́yìn-ò-rẹyìn.

Augustus, ọba tí Jésù bá lórí oyè, ló tún gbogbo rẹ̀ tò ní nǹkan bí ọdún 23 ṣáájú ìbí Jésù. Denarius kan jẹ́ sestertius mẹ́rin. Sestertius kan jẹ́ as mẹ́rin. As kan jẹ́ quadrans mẹ́rin. Sestertius ni ọ̀gá nínú owó idẹ: bàbà tí wọ́n pò mọ́ síǹkì, irú síǹkì tí wọ́n ń fi bo páànù òrùlé, tó wá ń dán bíi wúrà nígbà tó bá jẹ́ tuntun. Ó wúwo tó gíráàmù 25, ó fẹ̀ tó kí àwòrán hàn dáadáa lára rẹ̀. As jẹ́ bàbà pupa lásán, irú èyí tó wà lọ́wọ́ mi.

Kí la lè fi as rà? Ẹ̀yin tó ń ka Bíbélì ti mọ̀ ọ́n láìmọ̀. Ẹyẹ ológoṣẹ́ méjì tí Mátíù sọ pé owó idẹ kékeré kan ni wọ́n ń tà á, as ni owó náà. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wo Lúùkù: ó ní márùn-ún ni owó idẹ méjì. Ẹ ṣírò rẹ̀ bí ọlọ́jà. Méjì fún ẹyọ kan, mẹ́rin fún ẹyọ méjì, kí wá ni ẹ̀karùn-ún? Ènì ni! Mo ti gbọ́ ìwàásù lórí ẹyẹ yẹn ju ogún ìgbà lọ, kò sí pásítọ̀ tó sọ̀rọ̀ ènì fún mi rí, torí pé wọn kì í pàtẹ. Owó wẹ́wẹ́ méjì tí opó sọ sínú àpótí nínú tẹ́ńpìlì náà ńkọ́? Máàkù ṣàlàyé pé méjèèjì pa pọ̀ kò ju quadrans kan lọ, ìdá kan nínú mẹ́rin as. Ẹ̀yin Àlájà wa náà mọ àwọn èèyàn yìí: orí ọgbọ̀n nínú Kùránì, orúkọ Róòmù ló ń jẹ́.

Ní Ítálì, ìlú kan wà tó ń jẹ́ Pompeii, tí òkè oníná bò mọ́lẹ̀ ní ọdún 79. Nígbà tí wọ́n hú u, wọ́n rí ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn kọ sára ògiri. Obìnrin kan tó ń ta ọtí, Hedone lorúkọ rẹ̀, kọ iye ọjà rẹ̀ síbẹ̀: as kan lẹ máa fi mu, bí ẹ bá mú as méjì wá ẹ máa mu èyí tó dára jù ú lọ, bí ẹ bá ní as mẹ́rin ẹ máa mu ti Falernum, ọtí àwọn ọlọ́lá. Ní ògiri mìíràn, ẹnì kan kọ ọ́ pé òun fi yẹtí ṣe ìdógò lọ́dọ̀ Faustilla fún denarius méjì, àti pé Faustilla ti yọ as kan gẹ́gẹ́ bí èlé. Ẹ rí i? Ó ti yọ ọ́ tẹ́lẹ̀! Nígbà tí àwọn kan bá ní kí ló dé tí a fi ń yọ èlé kúrò lórí ẹ̀yáwó kí wọ́n tó gbà á, ẹ bá mi sọ fún wọn pé kì í ṣe èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe owó náà kò le púpọ̀. Wọ́n á gbé idẹ sáàárín òǹtẹ̀ irin méjì, ọkùnrin kan á fi òòlù lù ú, àwòrán á wọ̀ ọ́ lójú méjèèjì. Ilé tí wọ́n ti kọ́kọ́ ń ṣe é ní Róòmù wà níbi tẹ́ńpìlì òrìṣà obìnrin kan, Juno Moneta, lórí òkè Capitolium. Láti ara Moneta yẹn ni àwọn òyìnbó ti rí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe owó. Kọ́bọ̀ tiwa náà, tí wọ́n mú jáde lọ́dún 1973, orúkọ tí òyìnbó ń pe bàbà ni wọ́n yí sí kọ́bọ̀.

Ó wá ku àwòrán. Orí ọba máa ń wà ní ojú kan, ìyẹn kò ṣòro. Ojú kejì ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀. Kò sí rédíò, kò sí ìwé ìròyìn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kì í fọwọ́ kan owó. Nítorí náà, ìwà rere tí ọba bá fẹ́ kí wọ́n rò pé òun ní ni wọ́n máa ń yà síbẹ̀ bí ènìyàn, tí wọ́n á sì kọ orúkọ rẹ̀ yí i ká. Gbogbo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ obìnrin. Ìdí rẹ̀ ni pé nínú èdè Látìn, ọ̀rọ̀ ní akọ ó ní abo, orúkọ àwọn ìwà yìí sì jẹ́ abo. (Yorùbá wa kò ní ìyọnu yẹn.) Kódà Virtus, ìgboyà, tó jẹ́ pé ara ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe ọkùnrin ni wọ́n ti fà á yọ, obìnrin tó dé akoto ogun tó mú ọ̀kọ̀ lọ́wọ́ ni wọ́n yà á. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn tàn yín o. Obìnrin Róòmù kò lè dìbò, kò lè di ipò ìjọba mú. Àwòrán wọn ló wà lórí owó, àwọn fúnra wọn kò sí nínú ìgbìmọ̀.

Ohun tó wà lọ́wọ́ wọn la fi ń dá wọn mọ̀, bí a ṣe ń fi igbá mọ ẹni tó ń ta ẹ̀kọ. Aequitas, ẹ̀tọ́ àti ìdọ́gba, ló mú òṣùwọ̀n lọ́wọ́ kan, tó mú ìwo tí èso kún inú rẹ̀ lọ́wọ́ kejì. Moneta náà mú òṣùwọ̀n, ìdúró wọn jọra, orúkọ tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ la fi ń mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Pietas, ìbọ̀wọ̀ fún òbí àti òrìṣà, bo orí rẹ̀ níbi pẹpẹ, ọmọ sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ nígbà mìíràn. Libertas, òmìnira, mú fìlà kan lọ́wọ́, irú fìlà tí wọ́n ń dé fún ẹrú lọ́jọ́ tí olówó rẹ̀ bá dá a sílẹ̀. Pudicitia, ìtìjú obìnrin, ń fa ìbòjú. Wọ́n pọ̀, mi ò lè kà wọ́n tán: ìrètí ń mú òdòdó, ìlera ń bọ́ ejò, àlàáfíà mú ẹ̀ka igi ólífì.

Annona ni mo fẹ́ràn jù. Òun kì í ṣe ìwà gan-an, oúnjẹ ìlú ni. Ọkà ló mú lọ́wọ́, òṣùwọ̀n ọkà tó dà bíi kóńgò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, orí ọkọ̀ ojú omi sì wà lẹ́yìn rẹ̀, torí pé láti Íjíbítì àti àríwá Áfíríkà ni ọkọ̀ ti ń kó ọkà wá bọ́ Róòmù. Kóńgò wà lórí owó ọba! Ẹni tó yà á mọ ohun tí ebi ìlú lè ṣe fún ìjọba.

Èkejì ni Liberalitas, ọ̀làwọ́. Nígbà tí ọba bá fẹ́ pín owó fún ará ìlú, á jókòó sórí àtẹ gíga, Liberalitas á dúró tì í, ọ̀kan nínú àwọn èèyàn á máa gun àkàsọ̀ bọ̀ láti gbà á. Pákó kan wà lọ́wọ́ Liberalitas tí wọ́n gbẹ́ ihò roboto roboto sí lára. Wọ́n á ti pákó náà bọ inú owó, ihò kọ̀ọ̀kan á mú ẹyọ kan, bí gbogbo ihò bá kún, iye tó yẹ ti pé nìyẹn, kò sí pé a ń kà á lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Mo ro pé Ìyá Akápò máa fẹ́ irú pákó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí a bá ń pín èrè. Ohun tó wú mi lórí níbẹ̀ ni pé ọ̀làwọ́ wọn ní ìṣirò lọ́wọ́.

Ọjà pàápàá wà lórí owó. Nero, tí gbogbo wa mọ̀ sí ìkà, kọ́ ọjà ńlá kan ní Róòmù, ó sì ṣí i lọ́dún 59. Àwòrán ilé ọjà náà wà lórí owó idẹ rẹ̀, pẹ̀lú òpó àti àtẹ̀gùn rẹ̀. Owó mìíràn tún wà tó kéré jù, quadrans ti Caligula. Ọba Augustus ti gbé owó orí lé ọjà gbàǹjo ní Ítálì, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, láti fi san owó ìfẹ̀yìntì àwọn sójà. Tiberius dín in sí ìdajì lọ́dún 17. Caligula pa á rẹ́. Ó ya fìlà òmìnira sí ojú kan quadrans, ó sì kọ lẹ́tà mẹ́ta sí ojú kejì, R C C. Àlàyé tí ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ fún un ni pé owó orí náà ni ó ń kéde pé ó ti kúrò. Ẹ wò ó: ohun tí wọ́n fi ń kéde òmìnira ẹrú ni wọ́n fi kéde pé ọlọ́jà ti bọ́ lọ́wọ́ owó orí, wọ́n sì kọ ọ́ sórí owó tó kéré jù lọ, èyí tí kò sí ẹni tí kì í dé ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ti gba tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta láàárọ̀ kan lọ́wọ́ àwọn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ rí, ìyẹn á yé e.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí Hadrian, torí pé òun ló kàn mí gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé. Nígbà tó jọba lọ́dún 117, ó bá gbèsè owó orí ńlá nílẹ̀ tí àwọn èèyàn jẹ ìjọba. Lọ́dún 118, ó ní kí wọ́n kó gbogbo ìwé gbèsè náà wá sí gbàgede Trajan, kí wọ́n dáná sun ún. Iye rẹ̀ jẹ́ ọgọ́rùn-ún mẹ́sàn-án mílíọ̀nù sestertius. Ó wá ṣe sestertius kan nípa rẹ̀: ìránṣẹ́ ọba dúró, ó na ògùṣọ̀ sí òkìtì ìwé gbèsè, iye owó náà sì wà ní kíkọ yí i ká.

Ẹ ó rántí ọdún 2020, nígbà tí wọ́n ti ọjà pa nítorí kòrónà. Ẹlòmíràn nínú wa jẹ owó ọjà rẹ̀ tán, ẹlòmíràn ní tòmátì tó jẹrà mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tí a padà dé, àwọn kan dìde nípàdé pé kí a fi iná sun ìwé ẹ̀yáwó, kí kálukú bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Èmi ni mo di ìwé náà mú, èmi ni mo sì ní rárá. Àwọn kan kò kí mi fún oṣù mẹ́ta. Wọ́n ní torí pé mi ò jẹ gbèsè ni. Mo jẹ gbèsè o, orúkọ mi wà ní ojú ewé kẹrìnlá, ẹni tó bá fẹ́ wò ó kó wá. Bí a bá sun ìwé yẹn, èmi náà ì bá bọ́. Bí mi ò bá ti mọ ìtàn Hadrian nígbà yẹn, mi ò ní lè sọ ìdí mi bó ṣe yẹ, mo kàn ń pariwo ni. Nísinsìnyí mo lè sọ ọ́. Owó tí Hadrian dárí jì, owó ìjọba ni. Ọba ni ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè, ó sì lágbára láti sọ pé ó tó. Owó tó wà nínú ìwé tiwa, owó Ìyá Ẹlẹ́ja ni, owó aláta ni, owó opó tó ń dá igba náírà lójúmọ́ ni. Ọ̀làwọ́ wo ni kí n fi owó ẹlòmíràn ṣe? A dá èlé dúró, a fa ọdún gbèsè gùn, àwọn tí kò rí san tán títí di òní, a ṣì ń bá wọn sọ ọ́ ní pẹ̀lẹ́. Mo mọ̀ pé inú àwọn kan kò tíì rọ̀ sí mi lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ètò kan tí mo rí nínú ìtàn Róòmù tó jọ tiwa jù ni ti Trajan, ọba tó wà ṣáájú Hadrian. Ìjọba yá àwọn olóko ní Ítálì lówó, wọ́n fi ilẹ̀ wọn dúró, èlé rẹ̀ jẹ́ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Èlé yẹn kò padà sí àpò ọba. Owó oúnjẹ àwọn ọmọdé ìlú ibẹ̀ ni wọ́n fi ṣe. Trajan ṣe owó idẹ nípa rẹ̀: obìnrin tó mú ọkà lọ́wọ́, ọmọ kékeré ń na ọwọ́ sí i. Lọ́dún 1747, ní ibi tí ìlú Veleia wà nígbà àtijọ́, wọ́n rí pátákó idẹ ńlá kan nínú ilẹ̀ tí wọ́n kọ gbogbo ètò náà sí. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n yọ́ ọ, torí pé wọ́n ti fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, wọ́n ti tà á fún àwọn tó ń dà idẹ. Orúkọ olóko wà níbẹ̀, iye tí ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó, iye tí wọ́n yá a. Ẹni tó bá di ìwé ẹgbẹ́ mú bíi tèmi á fẹ́ràn pátákó yẹn. Ọmọkùnrin ń gba sestertius 16 lóṣù, ọmọbìnrin ń gba 12. Nínú ètò tó tóbi jù níbẹ̀, ọmọkùnrin jẹ́ 245, ọmọbìnrin jẹ́ 34 péré. Mo ka ìyẹn, mo gbé ìwé sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn Hadrian, nígbà tí ìyàwó ọba Antoninus, Faustina, kú, ọkọ rẹ̀ dá ètò kan sílẹ̀ fún ọmọbìnrin nìkan ní orúkọ rẹ̀. Orí owó wúrà àti fàdákà ni ìyẹn wà.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọwọ́ méjì. Àwọn ará Róòmù fi ọwọ́ ọ̀tún di ara wọn mú nígbà ìgbéyàwó, nígbà àdéhùn, nígbà tí ogun bá parí. Lórí owó, ó dúró fún Fides, ìgbẹ́kẹ̀lé, tàbí Concordia, ìrẹ́pọ̀. Ohun tí wọ́n kọ yí ti Nerva ká ni Concordia Exercituum: ìrẹ́pọ̀ àwọn ọmọ ogun.

Ìrẹ́pọ̀ wo? Wọ́n ti pa ọba tó wà ṣáájú Nerva, Domitian, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 96. Àwọn sójà fẹ́ràn Domitian, òun ló fi kún owó oṣù wọn. Nerva jẹ́ arúgbó tí kò fi ogun lókìkí. Ìyẹn ló fi tètè ya ọwọ́ méjì sórí owó rẹ̀. Lọ́dún 97, àwọn ẹ̀ṣọ́ ààfin fúnra wọn dìtẹ̀ sí i, wọ́n ká a mọ́ ààfin, wọ́n ní kó fa àwọn tó pa Domitian lé àwọn lọ́wọ́. Ó bẹ̀ wọ́n, wọ́n kọ̀. Ó fà wọ́n sílẹ̀, wọ́n pa wọ́n. Owó ọlọ́wọ́ méjì ṣì ń jáde láti ilé ìṣowó. Lẹ́yìn ìyẹn ló sọ Trajan, olórí ogun tó wà ní Jámánì, di ọmọ rẹ̀, èyí ni kò jẹ́ kí ìjọba tú. Ó kú ní oṣù kìíní ọdún 98.

Nígbà tí mo wá ń wo àwọn yòókù, mo rí i pé òun nìkan kọ́. Lọ́dún 193, àwọn ẹ̀ṣọ́ yẹn kan náà pa ọba wọn Pertinax lẹ́yìn ọjọ́ 87, wọ́n sì tà oyè ní gbàǹjo. Didius Julianus ló rà á, ó ṣèlérí sestertius 25,000 fún sójà kọ̀ọ̀kan. Ohun tó kọ sórí owó idẹ rẹ̀? Ìrẹ́pọ̀ àwọn sójà. Ọjọ́ 66 ló lò. Caracalla àti Geta, ọmọ bàbá kan ìyá kan, jọ wà lórí owó ìrẹ́pọ̀ wọn. Ní oṣù kejìlá ọdún 211, Caracalla pa àbúrò rẹ̀, àwọn ìlú kan sì fi irin ha ojú Geta kúrò lára owó. Nígbà tí owó bá ń pariwo ìrẹ́pọ̀, mo ti kọ́ láti béèrè ẹni tó ń jà.

Ọmọ mi ní mo le jù. Ó ní ó lè jẹ́ pé Nerva ń bẹ̀bẹ̀ ni, kì í ṣe pé ó ń parọ́, pé ènìyàn lè ya ohun tó ń wá síbi tí gbogbo èèyàn máa rí i. Mo ro ó fún ọjọ́ mélòó kan. Lọ́dún 2020 tí wọn kò kí mi, páàsìbúùkù ọlọ́wọ́ méjì náà ni wọ́n ń mú wá bá mi, èmi náà ni mo ń kọ ọ́ sí. A ò sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń san án, mo ń fọwọ́ sí i. Ó ṣeé ṣe kí ọmọ náà mọ nǹkan tí ó ń sọ.

Owó idẹ ńlá wọn kò pẹ́ títí. Láàárín ọdún 200 sí 270, ìjọba ń po nǹkan mọ́ fàdákà títí ó fi ku fàdákà ìdá tí kò tó márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, ohun gbogbo sì gbówó lórí. Sestertius dohun ìgbàgbé. Diocletian tún gbìyànjú, ó ya Moneta àti òṣùwọ̀n rẹ̀ sórí owó idẹ tuntun, ó sì ṣòfin lọ́dún 301 pé ẹni tó bá ta ọjà ju iye tí òun kọ sílẹ̀ lọ, ikú ni. Òǹkọ̀wé kan tó gbé ayé nígbà náà, Lactantius, sọ pé ọjà kàn pòórá kúrò lórí àtẹ ni. Ẹ̀yin náà ì bá kó tiyín pamọ́.

Èsì ìbéèrè ọmọ ẹlẹ́ike wa nìyẹn o. Mi ò tíì mọ ẹni tó kọ́kọ́ yà á, ṣùgbọ́n ó ti wà lọ́wọ́ ọlọ́jà kí Nerva tó jọba. Owó náà máa wà lórí tábìlì akọ̀wé lọ́jọ́ àjọ̀dún wa, nínú ọ̀rá rẹ̀. Ẹ lè gbé e, ẹ lè yí i, àwọn ọmọ náà lè fọwọ́ kàn án. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú fọ̀ ọ́ fún mi kó lè dán. Ẹnì kan ti bẹ̀rẹ̀ nílé mi, ìdí nìyẹn tí etí Nerva fi mọ́ ju ibi yòókù lọ.